Íápíìsì inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì síkì: kí ló ń pa á kí ọ̀sán tó pọ́n?

Sístà kan tó ń gbé ní Aurora, ní Colorado, ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi dé orí òkè yìnyín lọ́dún méjì sẹ́yìn, látìgbà yẹn síkì, eré kéèyàn wọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́sẹ̀ kó máa yọ̀ lórí yìnyín, ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa gbọ́ orin bí mo ṣe ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, mo sì ti ra íápíìsì mẹ́ta. Àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń kì sínú etí, ẹyọ kan já bọ́ látorí lífìtì, àga orí wáyà tó ń gbé wa gun òkè, mò ń wò ó bó ṣe ń lọ. Èkejì ni sípíkà pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń tì bọ inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, $35 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ wákàtí 10 sára páálí ẹ̀, kì í pé wákàtí mẹ́ta tó fi ń kú. Ẹ̀kẹta wọ́n jùyẹn lọ, apá òsì ẹ̀ ti dákẹ́, apá ọ̀tún ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́, á sọ̀rọ̀, á dákẹ́. Èwo gan-an ni mo lè rà tí kò ní já mi kulẹ̀? Ọkọ mi ní kí n kúkú yéé gbọ́ orin lórí òkè torí ó léwu, wọ́n tún ní ta ni aláwọ̀ dúdú tó ń síkì tẹ́lẹ̀."

Sístà mi, ẹ kú ewu òtútù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọkọ yín kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá tún bi yín, ẹ sọ fún wọn pé lọ́dún 1973 ni Ben Finley àti Art Clay ti kó àwọn ẹgbẹ́ síkì aláwọ̀ dúdú jọ sí Aspen, ní Colorado yín níbẹ̀ náà, látibẹ̀ ni ẹgbẹ́ National Brotherhood of Skiers ti bẹ̀rẹ̀, tó ṣì wà dòní. Samuel Ikpefan náà ṣojú Nàìjíríà nínú síkì ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing lọ́dún 2022. Ti ewu tí wọ́n sọ, òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀, màá padà dé orí ìyẹn.

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: ọdún mẹ́fà ni mo fi tún fóònù ṣe ní Computer Village n'Ìkẹjà kí n tó rìnrìn àjò, nígbà tí mo dé Colorado, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń háyà síkì àti bàtà àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì fún èèyàn niṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí, mo ṣì máa ń lọ bá wọn ṣe é lópin ọ̀sẹ̀ títí di bá a ṣe ń sọ yìí. Torí náà ọwọ́ mi ti wọ inú bátìrì, ó ti wọ inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan yìí, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni "ṣé ohùn ẹ̀ dáa?" tàbí "ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é?" Ohùn ló yẹ kó kẹ́yìn jàre. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé ó ti bàjẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ọ̀kan tó jẹ́ pé sípíkà gan-an ló kú. Òtútù ló ń mú bátìrì, fífà ló ń já wáyà, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí kò bá a mu ló ń ba ìyókù jẹ́. Ẹ lè fowó gidi ra ojúlówó kẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín pa á kí oṣù tó parí, ẹ sì tún lè ra ti $35 kó bá yín dọ́jọ́ tó dáa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti $35 yẹn náà. Ẹ̀ ń rò pé wọ́n lù yín ní jìbìtì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, èmi tí mo ti jókòó n'Ìkẹjà, mo mọ ohun tí wọ́n máa ń kọ sára páálí tí kò sí nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì bú ẹni tó tà á. Ẹ ṣájì ẹ̀ kó kún, ẹ gbé e sórí tábìlì nínú yàrá, ẹ jẹ́ kó máa kọrin bó ṣe máa ń kọ ọ́ sí yín létí, kẹ́ ẹ wo aago. Bó bá lo wákàtí mẹ́jọ mẹ́sàn-án nínú ilé tí kò sì kọjá mẹ́ta lórí òkè, òtútù ni, ayédèrú kọ́. Bó bá jẹ́ mẹ́ta náà ló lò nínú ilé, ẹ dá a padà fún wọn kíá kí ọjọ́ tí wọ́n fi gbà yín láyè láti dá a padà tó kọjá. Ẹ rántí epo pupa lásìkò ọyẹ́. Ìgò kún dẹ́nu, ẹ da orí ẹ̀ kodò sínú ìkòkò, kò ṣàn. Epo ò tán, ó dì ni, ẹ gbé ìgò náà sún mọ́ iná díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bí bátìrì líthíọ̀mù ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: bí òtútù bá ti mú un, ohun tó ń gbé iná láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì nínú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, iná wà níbẹ̀ àmọ́ kò jáde tó, íápíìsì á rò pé iná ti tán pátápátá, á pa ara ẹ̀. Ẹ óò délé, ẹ óò tún tàn án, á sì máa kọrin lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Àwọn Apple fúnra wọn kọ ọ́ pé láàrin 0 sí 35 dígíríìsì Celsius ni kéèyàn máa lo iPhone, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé òwúrọ̀ oṣù kìn-ín-ní lórí òkè síkì bíi Keystone tàbí Loveland, mínọ́ọ̀sì 15 kì í ṣe ìròyìn rárá. Bátìrì fóònù sì tóbi o, kẹ́ ẹ wá wo ti sípíkà tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Wákàtí 10 tí wọ́n kọ yẹn, inú yàrá tó lọ́ wọ́rọ́wọ́ ni, pẹ̀lú ohùn tí wọn ò gbé sókè púpọ̀. Èmi o, bí mo bá rí 10 lára páálí, mẹ́fà ni mo máa ń kà á sí fún orí òkè, bó bá sì ti lo ọdún méjì, mẹ́rin. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa tiwọn. Wọn á bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, wọn á gbé e kọ́ orí síkì níta, wọn á wọlé lọ jẹun, wọn á ṣeré fún wákàtí kan. Nígbà tí hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà lórí yín, ara yín ló ń yá bátìrì yẹn ní ooru, ẹ wá gbé e síta fún wákàtí kan, ó ti di òkúta nìyẹn. Ẹ máa gbé e wọlé, ẹ gbé e sórí itan yín tẹ́ ẹ bá ń jẹun, kẹ́ ẹ sì pa á, ẹ má fi sílẹ̀ kó máa wá fóònù kiri. Ẹ má sì gbé e lé orí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru o, ìyẹn náà ń pa bátìrì, kò sì dáa fún fóòmù hẹ́límẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó wá burú jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí mi dáadáa. Lílo bátìrì nínú òtútù kì í bà á jẹ́ títí ayé, ooru á tún jí i. Ṣíṣájì ẹ̀ nígbà tó bá ti tutù ré kọjá 0 dígíríìsì sísàlẹ̀, ìyẹn ló ń sọ ọ́ di aláàrùn. Líthíọ̀mù tó yẹ kó wọnú lọ ò ní ráyè wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ojú ibẹ̀ bí eepá ìdí ìkòkò, kò sì ní ṣí mọ́. Mo mọ ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń jẹ́ kí hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sun inú búùtù mọ́tò láti alẹ́ Friday, tó bá di aago márùn-ún ìdájí Sátidé, bó ṣe ń wọ ọ̀nà márosẹ̀ I-70 báyìí ló ń ki wáyà bọ̀ ọ́ kó lè kún kó tó dé Breckenridge. Kò lo oṣù méjì tí bátìrì yẹn fi di ti wákàtí kan. Ó gbé e wá fún mi, ó ń ṣépè fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mo tú ìdí ẹ̀, bátìrì ti wú rùmù bíi púfúpúfù. Inú ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣájì ẹ̀ lálẹ́, bó bá sì ti tutù, ẹ jẹ́ kó jókòó nínú ilé fún bíi wákàtí kan ná kẹ́ ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Wákàtí kan yẹn náà á jẹ́ kí ìrì tó ń sẹ̀ sára nǹkan tútù bó bá dédé wọ ibi tó móoru gbẹ kúrò lójú ihò ibi tí wáyà ń wọ̀.

Ó ku ẹ̀kẹta yín, èyí tí apá òsì ẹ̀ dákẹ́. Irú èyí tó pọ̀ jù níta, sípíkà méjì róbótó pẹlẹbẹ bí ìdérí agolo mílíìkì ni, wáyà tín-ín-rín kan ló so wọ́n pọ̀ tó gba ẹ̀yìn ọrùn kọjá. Ẹ wò ó, bẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ibo lẹ ń dì mú? Etí ẹ̀ méjèèjì lẹ máa fà síta kí orí lè ráyè jáde. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fà á báyẹn, wáyà yẹn ń nà, nínú òtútù sì rèé, rọ́bà tó bò ó ti le gan-gan. Mo ṣí irú ẹ̀ kan láìpẹ́ yìí, ara wáyà ń dán, kò sí ibi tó là, ẹni tó ni ín ń búra pé wáyà kọ́. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láti òpin kan, ó le, ó le, ó le, mo dé ibi tó ti fẹ́ wọnú sípíkà gan-an, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ lójijì bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà nínú. Ibẹ̀ ni bàbà inú ẹ̀ já sí, rọ́bà nìkan ló ṣì so wọ́n. Mo gé e, mo jó o padà, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Tiyín náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ibẹ̀ ni, ẹ má tíì jù ú nù, ẹnikẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe lè bá yín jó o. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un wọ̀, ẹ jẹ́ kí wáyà náà dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, kó má nà tàntàn.

Ti apá ọ̀tún tó ń sọ̀rọ̀ tó ń dákẹ́ yẹn, àpò wo ni fóònù yín wà? Bó bá jẹ́ àpò itan tàbí ti ìdí ni, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. 2.4 GHz ni Bluetooth ń lò, omi sì máa ń mu irú ìgbì bẹ́ẹ̀, ara èèyàn wá rèé, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Nínú yàrá ẹ ò ní mọ̀ pé ara yín ń dí i, torí pé ògiri àti òrùlé ń ta á padà, á gba ẹ̀yìn dé etí yín. Lórí òkè gbalasa, kò sí ògiri, bí ara yín bá ti dí i ó dí i náà nìyẹn, ẹ óò kàn máa gbọ́ ọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá tẹ̀ síwájú. Ẹ gbé fóònù sí àpò inú jákẹ́ẹ̀tì, ní àyà, kó fara kan aṣọ tó kàn yín lára. Ọ̀nà á kúrú, fóònù náà á sì móoru, kò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀ láti pe èèyàn.

Wàyí o, hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ bọ́ tiyín kẹ́ ẹ wò ó. Bó bá ní etí rírọ̀ tó rọ̀ wálẹ̀ lápá méjèèjì bíi fìlà abetí-ajá, ẹ fọwọ́ wá inú etí náà, ẹ óò bá síìpù tàbí ibi tó là díẹ̀, ibẹ̀ ni sípíkà ń wọ̀. Ẹ fi rúlà wọn ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí pé 40 mílímítà tí wọ́n máa ń kọ, sípíkà nìkan ni wọ́n ń sọ, ike tó yí i ká ò sí níbẹ̀. Bí etí ẹ̀ bá le, tó jẹ́ pé ike kan náà ló bo orí tó bo etí, bíi tàwọn tó ń sáré ìdíje, kò sí àyè, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀bẹ gé fóòmù inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì láti fi wá àyè. Fóòmù yẹn ló ń gba ìkọlù dípò orí yín, àmì ASTM F2040 tàbí EN 1077 tẹ́ ẹ máa rí nínú ẹ̀, bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é ni wọ́n dán an wò, wọn ò dán èyí tẹ́ ẹ gé wò. Kọ́sítọ́mà kan gé tiẹ̀ bí ẹni gé búrẹ́dì, mo ní kó lọ ra òmíì, kò kí mi mọ́ títí dòní.

Ẹ ò sì sọ fún mi bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe irun yín, kò sóhun tó kàn mí níbẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú àwọn sístà tó ń wá háyà hẹ́límẹ́ẹ̀tì: tí irun bá ga lórí, bóyá ṣùkú tàbí kí wọ́n kó bíréèdì gbogbo jọ sókè, hẹ́límẹ́ẹ̀tì á jókòó lé e lórí, á gbéra sókè, etí ẹ̀ ò ní bá etí èèyàn dọ́gba mọ́. Sípíkà á wá wà lókè etí níbi egungun, ohùn á jìnnà, ẹ óò yí i sókè, bátìrì á tètè lọ, ẹ óò sì ní íápíìsì ò dáa. Èyí tó burú ju orin lọ ni pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó gbéra báyẹn ò ní dáàbò bò yín dáadáa. Kòlẹ́sẹ̀ ló dáa jù fún síkì, ó pẹlẹbẹ láti iwájú dé ìpàkọ́, ẹ sì lè sọ ìdí ẹ̀ sínú kọ́là jákẹ́ẹ̀tì. Aya ọ̀rẹ́ mi tó ń di kòlẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ìgbà òtútù ti sọ̀rọ̀ yìí fún mi kó tó yé mi, èmi tí mi ò ní irun lórí.

Nínú oríṣi tó wà, èyí tí wọ́n ń kì sínú etí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó. Ohùn ẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́. Àmọ́ etí hẹ́límẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ ẹ́ wọnú, lẹ́yìn wákàtí kan ihò etí á máa ta yín, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án láti yí orin padà, bẹ́ ẹ bá sì bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí lífìtì láti tún awò ojú ṣe, ẹ̀yin náà ti mọ ìyókù. Èyí tó ń gba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ orin, bíi ti Shokz, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún eré sísá torí pé etí ṣí sílẹ̀. Nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, okùn hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti ti awò ojú á máa ṣí i nípò, irin tó gba ẹ̀yìn orí á máa gún ìpàkọ́, pẹ̀lú irun dídì kò rọrùn rárá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ mọ́, Sena ṣe irú ẹ̀, Cardo náà ní èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọn, tí àwọn tó jọ jáde á máa bára wọn sọ̀rọ̀ láìlo fóònù. Ó wúlò bẹ́ ẹ bá ń kó ọmọ lẹ́yìn, àmọ́ ó wọ́n, èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì sì rèé, bí orí bá gbá nǹkan gidi, hẹ́límẹ́ẹ̀tì di jíjù nù, íápíìsì bá a lọ. Ti wáyà láti fóònù dé orí, ẹ fi sílẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù ò ní ihò ẹ̀ mọ́. Sípíkà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì bọ etí hẹ́límẹ́ẹ̀tì, irú Chips ti Outdoor Tech tàbí ti Aleck, ni mo ṣì máa ń sọ fún èèyàn pé kó rà, torí bọ́tìnnì ẹ̀ tóbi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín tó nípọn jù lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ látìta etí hẹ́límẹ́ẹ̀tì láìwò ó. Bẹ́ ẹ ò bá lè dá orin dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Ẹ wá IPX4 lára ẹ̀, ó kéré tán, ìyẹn àmì pé omi tó bá ta sí i lára ò ní bà á jẹ́, torí òógùn àti yìnyín tó ń yọ́. Bí áàpù tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ bá wà pẹ̀lú ẹ̀, ẹ ronú dáadáa kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó mọ ibi tẹ́ ẹ wà: lọ́dún 2019, àwọn tó ń yẹ ààbò kọ̀ǹpútà wò ní Britain fi hàn pé irú áàpù kan bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí àjèjì rí ibi tí ẹni tó ń lò ó wà.

Ní ti ohùn, ẹ má retí ìyanu. Sípíkà yìí ò dí etí yín, aṣọ wà láàrin, atẹ́gùn sì wà láàrin, ohùn tó rinlẹ̀ á sá lọ. Fújì ni mò ń gbọ́ bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, gángan ń dún ketekete, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń wí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ta sí mi létí, àmọ́ ìlù tó yẹ kó gbọ̀n mí láyà, mi ò rí i bí ẹni pé onílù yẹn ò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bẹ́ ẹ bá sún sípíkà kó dojú kọ ihò etí gan-an, díẹ̀ nínú ẹ̀ á padà, mílímítà márùn-ún péré ń yí i padà. Kò sówó tẹ́ ẹ fẹ́ san lórí irú èyí tó máa kọ ọ́ bíi ti inú ilé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Òfin orí òkè ní Amẹ́ríkà ni pé ẹni tó wà níwájú tàbí nísàlẹ̀ yín ló lọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ yà fún un, ti FIS, àjọ síkì àgbáyé, tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ò yàtọ̀ sí i. Torí náà ojú ló ń ṣiṣẹ́ jù, mi ò sì lè sọ pé ẹni tó ń gbọ́ orin ti rúfin. Àmọ́ etí ni ojú ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á pariwo "on your left", pé apá òsì yín lòun ń gbà, ti snowboard, pátákó kan ṣoṣo táwọn míì fi ń yọ̀, tó ń bọ̀ ń ha yìnyín ṣàà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń pa òfin mọ́. Ìwọ̀n tí mò ń lò ni pé bí mo bá ti ń yọ̀, mo gbọ́dọ̀ máa gbọ́ bí etí síkì ara mi ṣe ń gé yìnyín, bí mi ò bá gbọ́ ọ mọ́, orin ti pọ̀ jù. Apá kan ṣoṣo ni mo máa ń tàn níbi tí èrò bá pọ̀ sí, pàápàá níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ṣẹ́, mo sì máa ń pa á pátá nínú ìkúùkù. Atẹ́gùn tún wà níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ń sáré á máa hó, ẹ óò máa gbé ohùn sókè láti borí ẹ̀ láìmọ̀. Àjọ WHO sọ pé 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni kéèyàn má kọjá, nọ́ọ̀sì ni yín, mi ò ní kọ́ yín níyẹn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n tọ́jú, tẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ kọ́ àyà, kò sí orin rárá. 457 kHz ni ẹ̀rọ yẹn ń lò, fóònù àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ lè dà á láàmú, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí wọn ní 20 sẹ̀ǹtímítà nígbà tó bá ń ránṣẹ́, 50 nígbà tẹ́ ẹ bá fi ń wá èèyàn. Níbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Bó bá jẹ́ èmi ni yín, mi ò tíì ní ra ìkẹrin. Màá lọ jó wáyà ẹ̀kẹta, màá sún fóònù wá sí àyà, màá máa gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì wọlé lálẹ́, màá lò ó báyẹn fún ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè. Bó bá tún já mi kulẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo máa gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní rà á látorí fóònù mọ́, torí pé láti ibi tí mo jókòó sí yìí mi ò lè rí bí etí hẹ́límẹ́ẹ̀tì yín ṣe rí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹyọ kan tó já bọ́ látorí lífìtì yẹn, ẹ lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì ibi tí wọ́n ń kó nǹkan tó sọnù sí, kẹ́ ẹ sì sọ nọ́ńbà òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà tó bọ́ bẹ́ ẹ bá rántí. Tí yìnyín bá ti yọ́ tán, wọ́n máa ń rìn abẹ́ lífìtì lọ láti ṣa ohun tó bọ́, ìbọ̀wọ́, fóònù, ọ̀pá síkì, àti irú íápíìsì bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan.